Nínú Ikùn Òjòlá Títí Ìkọ́kọrẹ́ Fi Jinná ní Tòróńtò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó sábẹ́ igi dòǹgóyárò níwájú ibi tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí láti ìjọ́ tí mo ti dé pé, "Bàbá Rónkẹ́, kí lẹ rí lọ́hùn-ún?", mo ti fẹnu sọ ọ́ fún yín títí, ẹ ò gbà mí gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Olùkọ́ wa ló ní kí n má wulẹ̀ dé ìwé márùn-ún, ó ní ohun tí mo ti mọ̀ ti ń dẹ́rù ba òun. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ fò ó. Bí ẹ bá rí irọ́, ẹ ní sùúrù fún un, ó níṣẹ́ tó fẹ́ ṣe.

Òtútù

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú gba àkókò yín. A gòkè, a sọ̀, wọ́n fún wa ní adìyẹ tí kò légungun. Ó parí.

Rónkẹ́ ọmọ mi ló wá pàdé mi. Ọdún mẹ́jọ rèé tá a ti fojú kan ara wa kẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo òyìnbó, ó kí mi bó ṣe yẹ, kó sì tó dìde tán ló ti gbé kóòtù ńlá kan kọ́ mi lọ́rùn.

Mo ní, "Rónkẹ́, kí lèyí? Ta ló pa ẹran tí ẹ fi awọ rẹ̀ wọ̀ mí?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà wọ̀ ọ́. Tí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ilẹ̀kùn ṣí. Mo dúpẹ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ rò pé ọyẹ́ lòtútù. Ọyẹ́ ń ṣeré ni. Ọyẹ́ á gbẹ ètè yín, á bá tiẹ̀ lọ. Òtútù Tòróńtò mọ orúkọ yín, ó mọ orúkọ bàbá yín. Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé, mo fọ dàńṣíkí mi, mo sá a sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, lókè àjà kẹrìnlá tí Rónkẹ́ ń gbé ní àdúgbò Jane and Finch. Ìgbà tí mo padà lọ ká a, dàńṣíkí ti dìde dúró fúnra rẹ̀, ó gan bíi pákó, ó na apá méjèèjì sókè bí ẹni tó ń kí ọba. Bàbá Íńdíà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ti kí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ń bínú pé kò dá òun lóhùn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́.

Oòrùn wọn ńkọ́? Ẹ ó rí i lókè kedere, ṣùgbọ́n kò ta. Àfi bí ìgbà tí wọ́n ya iná sára ògiri tí ẹ wá lọ ń yá a.

Ẹ wá jẹun

Àwọn èèyàn ibẹ̀ níwà. Bí ẹnì kan bá ṣáájú yín dé ẹnu ọ̀nà, á di ilẹ̀kùn mú dè yín. Ó dára, àbí? Àmọ́ wọn kì í wò ó bóyá ẹ jìnnà. Ọkùnrin gíga kan di ilẹ̀kùn mú dè mí nígbà tí mo ṣì wà lọ́hùn-ún lẹ́bàá títì. Pẹ̀lú orúnkún mi yìí, mo sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ìgbà tí mo sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ló tún ní "sọ́rì". Mo tẹ obìnrin kan lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òun náà ní "sọ́rì". Mo sọ fún Rónkẹ́ pé àwọn wọ̀nyí ti bá Yorùbá gbé rí, pé "pẹ̀lẹ́" wa ni wọ́n jí lọ.

Ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó jí i. Lọ́jọ́ kan, ebi ń pa mí nínú bọ́ọ̀sì, mo sì mú páì ẹran tí Rónkẹ́ rà fún mi jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó tì mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèyàn kì í jẹun níṣojú ẹni kó má pè é. Mo na páì sí i, mo ní kó wá jẹun. Ohun tí mò ń dúró dè ni kó sọ pé á gba ibi ire, kí kálukú wa máa bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ yìí dúpẹ́, ó gé ìdajì, ó jẹ ẹ́! Ó tún ní ó dùn. Mo wo ìdajì tó kù lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé àlejò ni mí.

Ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń jókòó

Iṣẹ́ Rónkẹ́ ni kó máa tọ́jú àwọn arúgbó nílé kan ní ìlú Pickering. Á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó padà dé. Èmi àti àwọn ìwé rẹ̀ la jọ máa ń wà nílé.

Ẹ ẹ̀ rí ìwé! Ìwé tuntun, ó nípọn, ó ń dán, àwòrán oúnjẹ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀kan, ọbẹ̀ ìgbà òtútù nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan, búrẹ́dì ni. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí èèyàn ṣe ń jókòó sílé nígbà òtútù ló ń kọ́ni: bí a ṣe ń bo búláńkẹ́ẹ̀tì, bí a ṣe ń tan àbẹ́là nígbà tí iná kò lọ, bí a ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, tí a ó mú tíì dání, tí a ó máa wo ojú fèrèsé.

Mo ní, "Rónkẹ́, o ra ìwé kí wọ́n lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó? Ǹ bá mọ̀ kí n ti kọ ọ́ tipẹ́. Ta ló jókòó tó mi ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kó àwọn ìwé náà jọ, ó ń fọwọ́ nu ẹ̀yìn wọn bí ẹni ń nu orí ọmọ.

Yẹ̀yẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, tí mo ti mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí yìnyín ń rọ̀ tí kò sì dún, ẹ gbọ́ o, òjò tí kì í dún, èmi fúnra mi ni mo tan àbẹ́là. Mo bo búláńkẹ́ẹ̀tì. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra. Mo ní ẹni tó kọ ìwé yìí, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí tí ọmọ mi fi ń ra ìwé oúnjẹ tí kì í sì í sè nínú rẹ̀. Á dé láti ibi iṣẹ́, á ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á pa wọ́n dé, á lọ jẹ búrẹ́dì lásán. Mo bi í.

Ó ní, "Bàbá, ìkọ́kọrẹ́ Màámi ni mò ń wá."

Ẹ̀yin mọ ìyàwó mi, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi sin ín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Rónkẹ́ ò lè wá. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì jáde nígbà náà. Tó bá jáde kúrò níbẹ̀, ó lè má rọ́nà wọlé mọ́. Ojú fóònù ló ti rí i bí wọ́n ṣe gbé ìyá rẹ̀ wọlẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, tó bá ti yọjú sílé ìdáná, ìyá rẹ̀ á lé e: "Lọ kàwé ẹ. Ilé ìdáná ò ní sá lọ." Ìwé lé ọmọ jáde nílé ìdáná. Ọmọ wá dàgbà, ó ń wá ilé ìdáná kiri inú ìwé.

Ó ní, "Gbogbo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni mo máa ń rà. Wọ́n mọ ọbẹ̀ àwọn ará Ítálì, wọ́n mọ ti àwọn ará Ṣáínà. Kò sí ìkankan tó mọ Màámi."

Ọba mẹ́ta

Ilé ìkàwé kan wà nítòsí wa. Obìnrin tó ń mójú tó o ń jẹ́ Hẹ́lẹ̀nì, òyìnbó onírun funfun, ẹlẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí Rónkẹ́ mú mi lọ síbẹ̀, wọ́n to àwọn ìwé oúnjẹ tuntun sórí tábìlì, wọ́n sì lẹ bébà kan mọ́ ògiri: kí àwọn ará àdúgbò wá kọ oúnjẹ ilé wọn tó ń mú ara móoru nígbà òtútù, wọ́n á dì í pọ̀ di ìwé. Ojú ewé kan fún ilé kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni oúnjẹ. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n pa á dé.

Rónkẹ́ dúró síwájú bébà yẹn, kò lè ṣípò padà. Hẹ́lẹ̀nì bá kọjú sí mi, ó rọra bi mí lédè òyìnbó bóyá mo mọ oúnjẹ sè.

Ẹ̀yin mọ ẹnu mi. Kí n tó mọ̀, mo ti ní ọba mẹ́ta ni mo sè fún rí. Mo ní ọba kìíní jẹ ẹ́ títí ó fi gbàgbé adé sórí ìjókòó. Èkejì lá àwo títí òdòdó ara àwo fi pa rẹ́. Ẹ̀kẹta ò tíì dìde títí dòní, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ààfin rẹ̀ yí i ká. Hẹ́lẹ̀nì pàtẹ́wọ́. Rónkẹ́ yíjú padà sí mi.

"Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ mọ ìkọ́kọrẹ́ Màámi sè?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ pé àwàdà ni. Mo wo ojú rẹ̀. Bó ṣe máa ń wò mí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje náà nìyẹn, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ tó gbé e wá fún mi.

Mo ní, "Ta ni ìyá ẹ rò pé ó kọ́ òun? Èmi ni."

Hẹ́lẹ̀nì ti ń kọ orúkọ wa sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, mi ò gbé omi kaná rí láyé mi.

Símẹ́ńtì

Rónkẹ́ gba ìsinmi ọjọ́ kan níbi iṣẹ́. Ó ra iṣu, ó ra ẹja gbígbẹ, epo àti ata. Ó mú bírò, ó mú kọ́ọ̀pù ìwọ̀n.

"Bàbá, kọ́ọ̀pù mélòó ni epo?"

"Èyí tó bá ti tó."

"Bàbá!"

"Mẹ́ta."

"Kọ́ọ̀pù epo mẹ́ta?"

"Ọ̀kan. Mò ń dán ẹ wò ni."

A rin iṣu, a da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bi mí bóyá ká máa rò ó. Mo ti rí òyìnbó kan nínú ìwé rẹ̀ tó mú ṣíbí igi dání, mo ní, "Rò ó, má sinmi." Òun rò, èmi rò. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí símẹ́ńtì tó rọ̀ jù ú lọ. Ọmọ orógùn dúró gbọnrangandan láàárín ìkòkò, ẹnikẹ́ni ò dì í mú.

Rónkẹ́ tọ́ ọ wò. Ì bá bínú ì bá dára. Ó pa iná, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé ìdáná.

"Bàbá, ẹ ò mọ̀ ọ́n sè."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò tiẹ̀ wo Màámi rí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Ìta ni mo máa ń kọjú sí, ọmọ mi."

Òótọ́ sì ni. Lójoojúmọ́, tí mo bá ti kó irinṣẹ́ wọlé, orí àpótí ni mo máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọkùnrin ìgbà tiwa kì í wọ ibẹ̀. Mo kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó mi, mo kọjú síta kí n lè máa kí àwọn tó ń kọjá, mo sì ń pìtàn. Ogójì ọdún gbáko. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, mi ò rí ẹyọ kan.

Rónkẹ́ ní, "Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀." Ó mú páálí, ó kó gbogbo ìwé orí tábìlì sínú rẹ̀. Ó ní òun máa kó wọn fún Hẹ́lẹ̀nì, ẹni tó bá wù kó máa kà wọ́n.

Iṣu tó ṣáájú wa dé

Nígbà tó lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo wọ awọ ẹran mi, mo gbé iṣu tó ṣẹ́kù sábẹ́ apá, ó di ṣọ́ọ̀bù ìyá Jàmáíkà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ìyá náà á tó ọjọ́ orí mi. Mo fi èdè òyìnbó ìwé mẹ́rin ṣàlàyé, mo fọwọ́ ṣàlàyé, pé èyí gan jù, pé tìyàwó mi máa ń yọ̀, ó máa ń fà díẹ̀.

Ó wo iṣu, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi fẹ́ bọ́. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé iṣu gbágungbàgun kan jáde, ó fọ̀bẹ gé e. Inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ara ìgbín. Mo pariwo. Ewùrà! Ewùrà tó ti sọdá òkun kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ pásípọ́ọ̀tù.

Ó ní ìyá ìyá òun máa ń sè é. Ó bi mí bóyá ìyàwó mi wà nílé tí yóò sè é. Mo ní ó ti kú. Kò sọ "sọ́rì". Òun nìkan ni kò sọ ọ́ fún mi nílùú náà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì gbé ewùrà kejì lé èyí àkọ́kọ́.

Ikùn òjòlá

Rónkẹ́ tètè dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó bá ewùrà lórí tábìlì. Mo ti gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí sítóòfù, mo kọjú sí fèrèsé tí yìnyín ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ pìtàn òjòlá tí mo máa ń pa nígbà tí ìyá ẹ bá ń se ìkọ́kọrẹ́. Ìwọ máa rin iṣu."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó rẹ̀ mí."

"Rin iṣu, Rónkẹ́. Má mú kọ́ọ̀pù, má mú bírò."

Mo gbọ́ bó ṣe tú omi sí ọwọ́. Mo gbọ́ iṣu lórí irin. Mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: pé mo gun kẹ̀kẹ́ mi tó níná tó sì lágogo, mo ń lọ sí Ìgbẹ́tì, mo gun òkè títí táyà fi ń làágùn. Bí mo ṣe dé orí òkè, ẹnu mi dá dúró fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Ibí yìí ni ìyá ẹ máa ń sọ pé, 'Ẹ sinmi lórí òkè yẹn ná, ẹ jẹ́ n gbé epo kaná.'"

Mo gbọ́ tí iná gbà.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Mo rí igi tó wó dábùú ọ̀nà, mo gun kẹ̀kẹ́ lé e, mo ń lọ, mo ń lọ, igi ò tán, ni igi bá ṣẹ́jú. Mo ní, "Bí igi ṣe ṣẹ́jú báyìí, ata á ta, ìyá ẹ á sín lẹ́ẹ̀mejì, á wá da ẹja sí i." Lẹ́yìn mi, Rónkẹ́ sín. Ó tún sín.

Òjòlá gbé mi mì tèmi ti kẹ̀kẹ́. Mo ní, "Bó ṣe gbé mi mì tán ni mo máa ń gbọ́ 'pọ̀, pọ̀, pọ̀.'"

"Kí ló ń dún bẹ́ẹ̀?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó ń fọwọ́ bu iṣu sínú ọbẹ̀ ní ṣíṣù-ṣíṣù. Kì í dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Pọ̀. Pọ̀. Pọ̀.

Mo tan iná kẹ̀kẹ́ nínú ikùn òjòlá. Mo rí ewúrẹ́ kan. Mo rí ọlọ́pàá kan tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó ní kí n kó ìwé kẹ̀kẹ́ mi wá.

"Bàbá, ṣé kí n máa rò ó?"

Mo lanu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ gbogbo. Níbi yìí gan-an, tí mo bá ti fẹ́ jáde nínú ejò yìí, á figbe ta: "Ẹ má tíì jáde o, Bàbá Rónkẹ́! Ẹ ṣì wà níbẹ̀!" Èmi á tún fi ọjà kún un, màá fi ilé-ìwé kún un. Ogójì ọdún ni mo fi rò pé ìtàn mi ló dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Má rò ó! De ìkòkò. Má fọwọ́ kàn án."

Ìyàwó mi yìí ti ń fi irọ́ mi wo aago ìkòkò rẹ̀.

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń tú omi lójú mi. Rónkẹ́ ní, "Bàbá, ó dùn mọ́ wọn náà. Wọ́n máa ń sọ ìtàn náà fún mi lórí fóònù." Mo wà nínú ikùn òjòlá. Mo bá ọlọ́pàá jiyàn, mo ra iṣu lọ́jà ibẹ̀, mo tún lọ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀ ka ìwé márùn-ún tí wọn ò jẹ́ kí n kà. Nígbà tí òórùn kan gba inú yàrá, òórùn ilé mi, ẹnu mi fúnra rẹ̀ ló sọ pé agogo kẹ̀kẹ́ dún, òjòlá sín, mo bọ́ síta.

"Rò ó báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré. Rọra."

Mo yíjú padà. Ṣíṣù-ṣíṣù rẹ̀ dúró nínú epo, ó ń mì. Rónkẹ́ bù ú sẹ́nu, ó fara ti ògiri.

Ó ní, "Màámi."

Ó jẹ ẹ́ lóòró, nínú ìkòkò. Ó pẹ́ kó tó rántí mi.

"Bàbá, ẹ wá jẹun."

Mi ò sọ pé á gba ibi ire. Mo dìde, mo wọ ilé ìdáná, mo jẹun.

Ohun tó wà nínú ìwé

Hẹ́lẹ̀nì ka ojú ewé wa, ó bi wá pé ìṣẹ́jú mélòó la ó fi de ìkòkò. Rónkẹ́ ní ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń purọ́. Hẹ́lẹ̀nì rẹ́rìn-ín, kò yí i padà. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí: kí ẹnì kan kọ ẹ̀yìn sí ìkòkò, kó wọ ikùn òjòlá, kó má sì jáde títí ilé á fi gba òórùn. Lókè ojú ewé, wọn ò kọ "Ìyá Rónkẹ́". Wọ́n kọ orúkọ tí bàbá ìyàwó mi sọ ọ́: Mosúnmọ́lá Àṣàkẹ́. Rónkẹ́ tú páálí, ó to àwọn ìwé rẹ̀ padà sórí tábìlì, ó fi ìyá rẹ̀ sí àárín wọn.

Ẹ̀dà kan wà níbí lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ wá.

Ẹ̀yin náà lẹ sì ń sọ pé orí bàbá ti ń yí, pé ẹ máa ń rí mi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé lórí àpótí, mo kọ ẹ̀yìn sí ilé ìdáná tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, mò ń bá fóònù sọ̀rọ̀ òjòlá. Rónkẹ́ ló ń se oúnjẹ lọ́hùn-ún ní Tòróńtò. Ó gbé fóònù tiẹ̀ tì sítóòfù.

Sátidé tó kọjá, ó rẹ̀ mí. Orúnkún ń dùn mí, mo fẹ́ tètè parí ìtàn kí n lọ sùn. Mo ti fọwọ́ lé agogo kẹ̀kẹ́ nígbà tó kígbe láti ọ̀hún:

"Ẹ má tíì jáde o, Bàbá! Ẹ ṣì wà níbẹ̀!"

Mo padà wọlé. Mo bá ọlọ́pàá yẹn níbẹ̀, ó ṣì ń béèrè ìwé kẹ̀kẹ́ mi.